Omi Gbígbóná Kì í Jí Òkú: Ẹ Jẹ́ Ká Dán Irúgbìn Wò Ká Tó Bú Ẹni Tó Tà Á

  

Ìjà kan la bá wọn parí ní Ẹdẹ níbí tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan tó ń sin ewúrẹ́ lọ ra irúgbìn oúnjẹ ẹran lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà kan. Oríṣi méjì ló rà: leucaena àti òtílí. Ó ro ilẹ̀, ó rẹ irúgbìn méjèèjì sínú omi tútù fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí wọ́n ní rírẹ ló ń mú un hù, ó sì gbìn ín lẹ́yìn òjò ńlá. Ó dúró ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dúró ìkejì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, koríko ti gba gbogbo ilẹ̀. Leucaena tó hù kò ju èyí tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kà lọ. Òtílí ní tiẹ̀ kò yọjú rárá.

Ló bá gbé èyí tó ṣẹ́ kù nínú àpò, ó di ọ̀dọ̀ ìyá. Ó ní, "Ìyá, irúgbìn òkú lẹ tà fún mi." Ìyá dáhùn, "Ọmọ mi, má ba ọjà mi jẹ́. Àwọn tó rà á ṣáájú rẹ, tiwọn hù. Bóyá o gbìn ín jìn jù ni, àbí o ò rẹ ẹ́ dáadáa." Ọ̀rọ̀ di ariwo, èrò pé lé wọn lórí.

Wọ́n ní ká wá dá sí i. A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lọ́jọ́ náà. A kàn bu irúgbìn díẹ̀ nínú àpò tó ṣẹ́ kù, a lọ dán an wò nílé. Ohun tí a rí nìyí: leucaena yẹn kò kú rárá, oorun ló ń sùn. Òtílí yẹn ti kú tipẹ́, inú àpò ló kú sí, kí ọmọkùnrin yẹn tó fọwọ́ kàn án. Àwọn méjèèjì ló jàre, àwọn méjèèjì náà ló sì jẹ̀bi.

Èrò wa rèé, a ò sì ní fi bò. Owó tí àwa àgbẹ̀ ń sọ nù lórí irúgbìn oúnjẹ ẹran, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ayé ló ń ṣe wá, kì í sì í ṣe òjò. A ò mọ ìyàtọ̀ láàárín irúgbìn tó ń sùn àti irúgbìn tó ti kú ni. Ẹni tó ń sùn, a lè jí i. Ẹni tó ń pariwo sí òkú pé kó dìde, ohùn tirẹ̀ ló máa há.

IRÚGBÌN TÓ Ń SÙN

Àwọn ewéko tí à ń gbìn fún ẹran, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, pọ̀ díẹ̀: stylo, leucaena, centrosema, calopogonium, lablab, òtílí, gliricidia tí àwọn kan ń pè ní àgúnmániyè, àti mucuna tó jẹ́ ẹbí yèrèpè. Ewé wọn ń fún ẹran lókun ju koríko gbígbẹ lọ, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò wọn sì ń dá ọ̀rá padà sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà.

Ẹ wo leucaena, stylo, centrosema àti calopogonium. Èèpo ọ̀pọ̀ irúgbìn wọn le débi pé omi kì í rí ojú ọ̀nà wọlé. Ẹ lè rẹ wọ́n sínú omi tútù fún ọ̀sẹ̀ kan, púpọ̀ nínú wọn á ṣì wà bí òkúta. Irúgbìn tí omi kò wọ̀, kò lè wú. Èyí tí kò wú, kò lè hù.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe irú mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣebí irúgbá náà, ìbátan ẹ̀wà ni? Ẹ bi wọ́n bóyá omi tútù lè bó èèpo irúgbá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí yín. Iná ni, iná tó pẹ́ nídìí ìkòkò, kí wọ́n tó lè tẹ èèpo náà kúrò.

Èèpo líle yìí kì í ṣe ìwà burúkú o. Ó dà bí àpótí tí Elédùmarè kó ẹ̀mí irúgbìn sí, kó má bàa jẹ́ pé òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo ló máa tan gbogbo wọn jáde, kí ọ̀dá wá pa wọ́n tán. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn onímọ̀ rí hóró lótọ́ọ̀sì nínú ilẹ̀ adágún omi kan tó ti gbẹ. Hóró náà ti lé ní 1,000 ọdún, síbẹ̀ ó hù. Èèpo rẹ̀ tí omi kò lè gbà kọjá wà lára ohun tó dá a sí.

Òtílí, lablab, mucuna àti gliricidia kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo tiwọn kì í le tó bẹ́ẹ̀. Omi tútù òru kan ti tó wọn, àní bí ilẹ̀ bá tutù dáadáa, ẹ lè gbìn wọ́n láìrẹ wọ́n rárá. Tí irúrú àwọn wọ̀nyí bá kọ̀ tí wọn ò hù, ẹ má tíì ronú omi gbígbóná. Ẹ kọ́kọ́ wo inú àpò.

INÚ ÀPÒ NI IṢẸ́ TI Ń BÀJẸ́

Fífi irúgbìn pamọ́ ń ṣe ohun méjì tó takora. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, èèpo irúgbìn líle a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí ooru ọ̀sán àti òtútù òru bá ń pààrọ̀ lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí stylo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká fi máa ń ṣe orí kunkun ju ti èṣí lọ. Ẹni tó sọ pé "irúgbìn èṣí ló ń hù jù" kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdajì kejì ni pé bí èèpo ṣe ń rọ̀, ẹ̀mí inú rẹ̀ náà ń lọ sílẹ̀. Irúgbìn kì í ṣe òkúta. Ó ń mí, ó ń jẹ oúnjẹ tó kó pamọ́ sínú ara rẹ̀. Omi àti ooru ló ń mú kó jẹ ẹ́ tán kíákíá.

Onímọ̀ irúgbìn kan ní Amẹ́ríkà, James Harrington, fi òfin kékeré méjì sílẹ̀ tí àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn ṣì ń tẹ̀ lé. Ìkíní: bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dín kù, ọjọ́ ayé irúgbìn náà á di ìlọ́po méjì. Ìkejì: bí ibi tí a kó o sí bá fi dígírì 5 tutù sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á tún di ìlọ́po méjì. Ó ní ibi tó mọ o, àmọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣe kedere: gbẹ ẹ́, kó o fi síbi tó tutù.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa. Páànù gbígbóná ló wà lókè. Ògiri ń sun omi lásìkò òjò. Àpò irúgbìn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajílẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ Ẹdẹ kún fún omi. Irúgbìn tó gbẹ táútáú nígbà ọyẹ́, bó bá wà nínú àpò ìdọ̀họ, á tún mu omi padà láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ ò ní rí i lójú. Kó tó di pé òjò ọdún kejì dé, ó ti kú, síbẹ̀ ó ṣì ń dán.

Ohun tó pa òtílí ọmọkùnrin yẹn nìyẹn. Inú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n dì í sí nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Nígbà tí a dà á sórí àtẹ, ó ń rùn bí ohun tó ti bu, kòkòrò sì ti dá púpọ̀ nínú rẹ̀ lu. Kòkòrò tó ń dá ẹ̀wà lu náà kì í fojú fo òtílí. Ìyá ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kò mọ̀, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn lòun náà ti rà á. Kò béèrè ìgbà tí wọ́n ká a.

Báwo la ṣe máa wá tọ́jú ẹ̀? Kò le.

Ẹ sá irúgbìn lórí ẹní tàbí tapólì, ní oòrùn àárọ̀ tàbí lábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ má sá a sórí páànù tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lọ́sàn-án gangan, ooru yẹn á sè é.

Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ dán an wò. Ẹ da iyọ̀ tó gbẹ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ da ìwọ̀nba irúgbìn yẹn sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì pọ̀ nínú irúgbìn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì sá a sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nítorí irúgbìn tí a fẹ́ gbìn gbọ́dọ̀ gbẹ ju ọkà tí a fẹ́ jẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ dé e pinpin. Ẹni tó bá ní púpọ̀ lè lo àpò PICS, àpò onípele mẹ́ta tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí nítorí ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù. Kòkòrò inú rẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ mí, láìsí oògùn kankan. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ohun tó bá tutù, ẹ má dì í pa. Kẹ́ẹ̀gì pípa pẹ̀lú irúgbìn tútù, sàréè ni.

Ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri àti páànù. Kẹ́ ẹ sì kọ oṣù àti ọdún tí ẹ ká a sí i lára. Bíírò àti bébà kékeré lásán.

RÍRẸ, ṢÙGBỌ́N KÌ Í ṢE RÍRẸ KAN FÚN GBOGBO WỌN

Fún àwọn olóríkunkun, bíi leucaena, omi gbígbóná lóògùn. Kò sí tẹmómítà nílé wa, àmọ́ ọgbọ́n kan wà. Ẹ bu kọ́ọ̀pù mẹ́ta omi tó ń hó yaya, ẹ bu kọ́ọ̀pù kan omi kànga lé e. Ohun tẹ́ ẹ máa rí á sún mọ́ dígírì 80, ìwọ̀n tí leucaena fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ da irúgbìn sí i, kí omi ju irúgbìn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ sẹ́ omi gbígbóná dànù, ẹ da omi tútù sí i, kó wà níbẹ̀ di àárọ̀. Èyí tó bá ti wú, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má gbé ìkòkò irúgbìn kaná láé, a ò fẹ́ se ọbẹ̀.

Bí irúgbìn ò bá ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ẹ lè fi sáńpépà ha èèpo rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi nélìkọ́tà gé èèpo rẹ̀ bín-ín-tín ní ẹ̀yìn, kì í ṣe níbi ojú tó ti máa hù. Àwọn kan á sọ fún yín nípa ásíìdì. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ àwọn tó wà nínú ilé àyẹ̀wò ni. Ẹ má fi ojú àti ọwọ́ yín ta tẹ́tẹ́.

Fún òtílí, lablab àti gliricidia, omi tútù, òru kan, ó parí. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọkùnrin yẹn fi rẹ òtílí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú rẹ̀ ṣì wà láàyè, omi yẹn ti pa wọ́n. Irúgbìn tó ti mu omi yó fẹ́ mí. Tó bá wà lábẹ́ omi, kò rí afẹ́fẹ́, oúnjẹ inú rẹ̀ á máa ṣàn jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ẹ̀wà jíjẹ àti sóyà tiẹ̀ burú jù, ẹ má rẹ wọ́n pẹ́ rárá.

Nǹkan méjì tó kù. Irúgbìn tẹ́ ẹ bá ti fi omi gbígbóná ṣe, ẹ má tún kó o padà sínú àpò títí di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa gbìn nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe. Ìkejì, bí ẹ bá fẹ́ fọ́n stylo ní òjò àkọ́rọ̀ tí a ò lè fọkàn tán, ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe ìdajì, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ìdajì tẹ́ ò ṣe. Bí ọ̀dá bá pa ti àkọ́kọ́, àwọn olóríkunkun á ṣì wà nílẹ̀ dé òjò mìíràn. Hóró stylo kéré, ẹ má rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí iyẹ̀pẹ̀ kàn bò ó lórí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

ÀDÁNWÒ TÍ KÒ NÁ WA NÍ KỌ́BỌ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti wúwo jù rèé. Ẹ ka 100 hóró láìṣà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù nínú àwo, ẹ fi aṣọ tútù mìíràn bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó hù, èyí tó ṣì le tí kò wú, èyí tó wú tó sì rà.

Ká ní 15 ló hù, 70 ló le, 15 ló rà. Ọjà dáa ni, oorun ló ń sùn. Ẹ gbé omi kaná.

Ká ní 15 ló hù, 5 ló le, 80 ló rà. Òkú ni. Kò sí omi gbígbóná, kò sí àdúrà, kò sí òjò tó máa gbé e dìde. Ẹ dá a padà.

Bẹ́ ẹ bá wò ó, ẹni méjèèjì yìí, 15 péré ló hù fún wọn. Ẹni tó bá ka èyí tó hù nìkan, á rò pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ohun tó kù nínú àwo ló ń sọ òtítọ́.

A mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà kan á sọ pé, "Ta ló ráyè ìyẹn? Irúgbìn ni mò ń tà, n kì í ṣe olùkọ́." Ẹ̀yin ìyá wa, a gbọ́, kì í ṣe ìbínú. Àmọ́ ẹ wò ó: ọjọ́ mẹ́wàá lẹ máa fi dán 100 hóró wò kẹ́ ẹ tó ra odidi àpò lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wá. Ẹ̀yin gan-an ló ń gbà là lọ́wọ́ àdánù. Oníbàárà tí irúgbìn rẹ̀ hù, á padà wá, á sì mú ẹlòmíràn dání. Àjọ tó ń mójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà, National Agricultural Seeds Council, ní òfin ọdún 2019 lẹ́yìn, àmọ́ a ò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba kí á tó kọ déètì sára kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ síra wa. Ta ló ní ká ra irúgbìn lónìí ká gbìn ín lọ́la? Ẹni tó bá ti rà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú òjò, á ráyè dán an wò, á ráyè dá a padà. Ẹni tó dúró dìgbà tí òjò ń lé e, kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ bi ọlọ́jà: Ìgbà wo ni wọ́n ká a? Inú kí ló wà? Mélòó ló hù nínú 100?

ÌDÍ TÓ FI KÀN WÁ

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ewé ewúrẹ́ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 11 oṣù karùn-ún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní dída màlúù káàkiri ní gbangba gbọ́dọ̀ dópin. Ó dáa. Kí ni ẹran máa wá jẹ níbi tó bá so mọ́? Bí a ò bá gbin oúnjẹ ẹran, oko ara wa làwọn ẹran máa jẹ, ìjà ò sì ní tán. Kódà fún ẹni tó ní ewúrẹ́ márùn-ún péré, èèpo gbàgùúdá àti ewé ìyeyè kò lè gbé wọn délẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. IITA wà ní Ìbàdàn láti 1967. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti ILCA bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé agbègbè Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1980, wọ́n gbin leucaena àti gliricidia ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀ láàárín oko, ẹran jẹ nínú ewé rẹ̀, ilẹ̀ náà jẹ nínú rẹ̀. Kí leucaena má ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ ẹran lọ ṣá, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ ń mú irun ẹran re.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Ẹdẹ, ohun tí a rò pé ó yẹ ká ṣe rèé: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí á máa dán irúgbìn wò fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣù kejì ọdún, kí àwọn ọlọ́jà Ọjà Tìmì àti Òwòdé náà mú àpẹẹrẹ tiwọn wá. Èyí tó bá dáa, ẹgbẹ́ á sọ pé ó dáa. Ìyẹn á ṣe ọlọ́jà olóòótọ́ láǹfààní ju ìpolówó kankan lọ.

Báwo ni ìjà yẹn ṣe parí? Ọmọkùnrin náà fi omi gbígbóná ṣe leucaena tó ṣẹ́ kù, ó sì gbìn ín. Nígbà tí a padà lọ wò ó, ó ti ń yọrí ní ìlà ní ìlà. Ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá lórí leucaena. Ìyá náà sì dá owó òtílí padà fún un. Ní báyìí, bíírò wà lórí tábìlì ìyá, gbogbo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló ní oṣù àti ọdún lára.

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Leucaena náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ìkòkò ọ̀hún ò tíì fọ́, ká tó gbé e kaná.

Ọdún yìí á yabo fún wa o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ọlọ́sìn kan tẹ́ ẹ mọ̀.